Ife Tí Wọ́n Fi Kọ́ Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Ìkàrẹ́-Àkókó,
Oṣù Kẹjọ, 1994.

Sí Suleiman, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àléékúmù. Mo kí ọ, mo kí Adùnọlá ìyàwó rẹ, mo sì kí Àsàmáù ọmọ yín tí mo ń fojú inú rí bó ṣe ń wọ bàtà ilé ìwé. Ara yín ńkọ́? Òtútù ìlú òyìnbó ńkọ́? Tiwa dára, alihamudulilai, àfi orúnkún mi tó máa ń dùn mí bí òjò bá ṣú. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bá mi kọ ọ́, nítorí wọn yóò yọ ìbínú inú rẹ̀ kúrò.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kà á, mo sunkún. O ní nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ kíláàsì Àsàmáù di ara wọn lọ́wọ́ mú, ọmọ òyìnbó kan fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn, ó ní dúdú ara Àsàmáù yóò ran òun. Ọlọ́run ló mọ bí ó ṣe dùn mí tó. Ṣùgbọ́n ohun tí o kọ tẹ̀ lé e ni mi ò gbà. O ní bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn, pé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ló wà, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Nítorí náà, o fẹ́ yọ ọmọ kúrò ní ilé ìwé, kí o fi ránṣẹ́ sí mi, kí Adùnọlá sì máa sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Suleiman, mi ò gbà á. Gbọ́ ìdí rẹ̀.

O rántí Hulera, obìnrin Fúlàní tó máa ń gbé wàrà wá láti gáà wọn lójú ọ̀nà Ọ̀kà. Dija ọmọbìnrin rẹ̀ àti Kareem, ọmọ rẹ tí o fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ti mọ ara wọn láti kékeré. Bí èmi àti Hulera bá ń ná ọjà lọ́wọ́, àwọn méjèèjì á ti wà nínú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n ń kọ́lé. Kareem ló kọ́ ọmọ náà ní Yorùbá tó fi ń bá mi ṣàwàdà.

Lẹ́yìn Iléyá, màlúù Fúlàní wọ oko ọkọ Limota lọ́nà Etioro, wọ́n jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán. Limota, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ tí a jọ ń gbé, kò jà, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ra ife oníke kan, ó fi kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ìta, ó ní kí Hulera àti ọmọ rẹ̀ máa fi ìyẹn mumi. Mo wà lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn mi ní Ọ̀kà nígbà náà. Nígbà tí mo dé, mo rò pé ife àlùwàlá ni.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, oòrùn mú gan-an. Dija fi ife Kareem bu omi nínú amù. Kí ó tó gbé e dé ẹnu, ọmọ rẹ já a gbà, ó da omi nù, ó sáré lọ mú ọṣẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ife. Ó nawọ́ sí fèrèsé, ó ní, "Ife tiyín nìyẹn. Ẹ má fẹnu kan tiwa." Kò pariwo, kò bínú. Bí ẹni tó ń sọ pé ilẹ̀ ti mọ́ ló ṣe sọ ọ́. Hulera gbé igbá rẹ̀ rù, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Mo bi Kareem pé ta ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kò sẹ́nì kankan. Òótọ́ ló sọ! Limota ń rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná, ó ní, "Ìyá Suleiman, ẹ ò rí i? Ta ló kọ́ ọ? Ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn." Ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà rẹ gan-an ló sọ, àfi pé ìwọ ń sunkún, òun ń rẹ́rìn-ín.

Inú bí mi. Mo yọ ife yẹn lára ìṣó, mo fi í mumi níwájú gbogbo ilé, mo sì gbé e lé orí amù. Mo ní, "Limota, ṣé Hulera ló jẹ ẹ̀gẹ́ yín ni? Láti òní lọ, ife ilé nìyí. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi í mu, kó máa fi àtẹ́lẹwọ́ bomi." Àtẹ́lẹwọ́ ni Limota sì fi ń bomi títí di àárọ̀ yìí. Alhaji Abọ́dẹrìn, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ní mò ń da ilé rú nítorí àlejò. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo sì wà tí mo fi sọ fún wọn pé ilé tí ife omi lè dà rú, ó ti dàrú tẹ́lẹ̀.

Má rò pé mi ò mọ̀ pé nǹkan kan wà lára ọmọ. Ìwọ gan-an, nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, bí o bá ti rí irùngbọ̀n Alhaji, igbe ni. Kò pẹ́ tí o fi ń sùn lórí itan wọn, tí o ń fa irùngbọ̀n ọ̀hún. Ẹ̀rù àjèjì lè bá ọmọ wáyé, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọṣẹ tí Kareem sáré lọ mú, kò gbé e bọ̀ láti ọ̀run. Ojú ló fi kọ́ ọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lanu.

Bí o bá wá ní inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ òyìnbó yẹn ló wà, sọ fún mi, ẹ̀jẹ̀ ta ló wà lára Kareem? Tèmi ni àbí tìrẹ? Mi ò gbà á fún ọmọ wa, mi ò sì ní gbà á fún ọmọ ẹlòmíràn. Lọ bá olùkọ́ wọn. Lọ kan ilẹ̀kùn ìyá ọmọ náà, kí o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un lójú rẹ̀. Kí Àsàmáù dúró lórí ìlà, kó na ọwọ́ rẹ̀ síta. Bí ẹnì kan bá máa sá, kì í ṣe ọmọ tiwa.

Ọlọ́run Ọba yóò máa ṣọ́ yín ní àjò. Ojú kò ní tì yín, ọ̀tá kò ní yọ̀ yín. Àsàmáù yóò dàgbà lójú bàbá àti ìyá rẹ̀, yóò gbayì, yóò gbẹ̀yẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò gbà,
Memunat.

Ó kù díẹ̀: Mo mú Kareem lọ sí gáà lánàá láti tọrọ àforíjì. Hulera kò fún wa ní ìjókòó. Dija sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, Kareem sì sunkún títí a fi délé. Lọ́la, a ó tún lọ. Ká ní inú ẹ̀jẹ̀ ló wà ni, ǹ bá jókòó sílé mi.