Àwọn Tó Ń Tú Bóòtù

Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹta
Odindi òwúrọ̀ ni àwọn àgbà tí mò ń darí, tí wọ́n ń bá wa tún ojú irin àtijọ́ yìí ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, fi jiyàn lórí ọ̀dà fèrèsé ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọ̀ ewé ni àbí àwọ̀ ojú ọ̀run? Olùyẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀! Tí kò bá fọwọ́ sí ojú irin yìí, àwọn onílẹ̀ á hú u, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Mo sọ ọ́ títí. Fèrè — òun ló máa ń fi àsíá dá ọkọ̀ dúró kó tó fẹ̀yìn tì — ní, "Madam Kíá-kíá, ẹ fara balẹ̀, ilé ò jó."
Ọpẹ́lọpẹ́ bàbá mi, tó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ ẹ̀ tọ́jú ojú irin. Òun àti Wẹ́dà, ẹni tó ń bá wa jó irin, yí gbogbo bóòtù tó so irin mọ́ra le pinpin, láti ilé énjìnnì dé ibùdókọ̀. Ó kéré tán, iṣẹ́ kan parí.

Àìkú, 7
Ẹ̀yìn ń dùn mí. Kò sẹ́ni tó bi mí.

Ìṣẹ́gun, 9
Mo yà síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Bóòtù ti tú! Mo pe Wẹ́dà. Ó ní oòrùn ló ń fa irin. Oòrùn wo ló ń tú nọ́ọ̀tì, tó ń fi gírísì pa á, tó tún ń tò ó sórí òkúta bí àwo ìyàwó tuntun? Olè kọ́. Olè á kó o lọ ni.

Ọjọ́bọ̀, 11

Mo dé ibùdókọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Bàbá mi ló kúnlẹ̀ sórí ojú irin, sípánà lọ́wọ́. Bàbá tó bí mi. Fèrè gbé fúláàsì tíì dání — wọ́n ń rẹ́rìn-ín! Mo ní ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n máa hú u? Bàbá mi ní, "Ìyá mi, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ìyẹn dẹ́rù bà wá." Ó ní tí ọkọ̀ bá ti ń rìn, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n máa gbà síṣẹ́. Àwọn àgbà ńkọ́? Kí àwọn lọ sílé lọ máa wo ògiri? Pé látìgbà tí ìyá mi ti kú, ibí nìkan ni oúnjẹ ti ń dùn lẹ́nu òun.
Kí wọ́n máa tú u, kí wọ́n máa dè é, títí ayé! Nílé ẹ̀kọ́ ìṣòwò, wọn ò kọ́ wa bí a ṣe ń darí àwọn tí kò fẹ́ kí iṣẹ́ parí.
Mo gba sípánà. Mo gba kọ́kọ́rọ́ gééti. Lọ́wọ́ bàbá mi. Ó nà án sí mi bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ká nǹkan mọ́ lọ́wọ́.

Ẹtì, 12
Èmi àti Wẹ́dà tún gbogbo ẹ̀ yí le. Ọwọ́ mi bó. Ó bi mí ta ló ń tú u. Mo ní oòrùn ni.

Àbámẹ́ta, 13
Olùyẹ̀wò fọwọ́ sí i. Ariwo sọ. Bàbá mi wá, ó wọ kóòtù rélùwéè àtijọ́, ó pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ. Ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú.
Olùyẹ̀wò wá ní a gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tí á máa rin ojú irin láràárọ̀, tí á máa yẹ bóòtù wò kí ọkọ̀ tó kọjá. Ta ni? Gbogbo ojú yí sí bàbá mi. Ó tiẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.
Mo ní, "Wẹ́dà ni."
Bàbá mi ní, "Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kọrí sílé. Kò gba títì. Àárín irin ló gbà, ó ń tẹ igi abẹ́ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́ọ̀ọ́kán, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nawọ́ sí irin. Mo figbe ta lójú gbogbo èèyàn: "Bàbá, ẹ fọwọ́ kúrò níbẹ̀!"
Òkúta ló ń ṣà kúrò lórí irin.