Sitiráìkì ní Berlin

Ìrọ̀lẹ́ Sunday, nínú ọkọ̀ ojú irin láti Berlin sí Hamburg.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo gbé igi dúró lónìí, n ò fi kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú bésíbọ́ọ̀lù, sitiráìkì ni wọ́n ń pe kéèyàn fi igi tàsé bọ́ọ̀lù. Èmi tí ẹ̀rù mi máa ń ba àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù.

Ojú ọ̀tún mi ni. Dókítà ní kò ní padà bọ̀ sípò mọ́. N ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bésíbọ́ọ̀lù nìkan sì ni iṣẹ́ tí mo mọ̀.

Kóòṣì ò tilẹ̀ bínú. Ó kàn fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Schade," pé ó mà ṣe o. Ì bá kúkú bú mi.

Màmá pè láti ilé ní Jenfeld, ní Hamburg, wọ́n béèrè bó ṣe lọ. Mo ní, "Sitiráìkì ni, Mà. Sitiráìkì ṣáá."

"Ṣé ẹ̀yin náà ti daṣẹ́ sílẹ̀ ni? Kí ni àwọn Jámánì yẹn ò ṣe fún yín?"

Agbára àtiṣàlàyé ò sí lára mi. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà lórí fóònù, pé kí Ọlọ́run bá wa parí sitiráìkì náà, kí n tètè padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo ṣe àmín. Mo ṣe é sókè débi pé gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yíjú wò mí.