Ìpìlẹ̀ Tó Dé Ìbàdí

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Màmá ń kí yín. Ilé tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ́ fún wa ní Igbó-Ọrà ṣì wà ní ìdúró, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí n mú kí wọ́n wó o. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́.

Lẹ́yìn òjò èṣí, ògiri yàrá Màmá là láti ojú fèrèsé dé ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ kí a wó apá ibẹ̀, kí Màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn ní Ìbàdàn. Èmi tí mo ń kọ́ nípa ilé kíkọ́ ní Èrúwà ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣírò bí ilé náà yóò ṣe rì tó.

Ẹ máa ń sọ pé ilé gbọ́dọ̀ jókòó kí a tó rẹ́ ẹ. Jíjókòó yẹn gan-an ni à ń ṣírò. Kọ̀ǹpútà á gé ilẹ̀ abẹ́ ilé sí wẹ́wẹ́ bí ẹni gé iṣu àsáró, á wo bí ẹrù ṣe máa tẹ ègé kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ tó, á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá sọ fún un nìkan ló mọ̀. Mo ní láti sọ bí ìpìlẹ̀ ṣe jìn tó, ẹ kò sì kọ ọ́ síbì kankan kí ẹ tó lọ sọ́run. Ẹ̀yin àti tépù tí wọ́n fi ń wọn nǹkan, ẹ kò kúkú rẹ́. Mo bi Màmá.

"Títí dé ìbàdí ni bàbá yín gbẹ́ ẹ. Èmi ni mo ń pọn omi, ṣé n ò ní mọ̀ ni?"

Mo wọn ara mi láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ìbàdí, mo tẹ iye rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ìdáhùn rẹ̀ bà mí lẹ́rù: amọ̀ rírọ̀ púpọ̀ ló wà lábẹ́ ìpìlẹ̀, ilé yóò ṣì máa rì. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Wọ́n gun àpótí, wọ́n mú fìlà yín lórí ìṣó tí ẹ fúnra yín kàn. Mo sunkún, torí mo rò pé ẹ fi iṣẹ́ ṣeré. Ẹ dárí jì mí.

Kí àwọn tó máa wó o tó dé, mo gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri wò. Mo gbẹ́, mo gbẹ́, n kò rí ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀ níbi tí mo fojú sí. Nígbà tí mo rí i, díẹ̀ ló kù kó kan yangí líle. Mo dúró sínú kòtò náà, etí rẹ̀ dé mi ní àyà. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé ẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó wọlé onílé, torí gíga yín. Ìbàdí yín ni Màmá ń sọ, kì í ṣe tèmi!

Mo tún un ṣírò. Rírì tó kù kò tó nǹkan. Omi òrùlé tó ń dà sí igun ibẹ̀ ló mú kí amọ̀ díẹ̀ tó wà lábẹ́ rọ̀, a sì ti darí omi náà síbòmíràn. Mo fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí ògiri là dé. Òjò ọdún yìí ti lọ, kò là kọjá àmì. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ló ra sìmẹ́ńtì tí a máa fi rẹ́ ẹ.

Ta ló kọ́ yín pé kí ẹ gbẹ́ ẹ jìn tó bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ mọ̀ pé yangí wà nísàlẹ̀ ni?

Màmá ti gun àpótí, wọ́n ti dá fìlà yín padà. Mo ní kí n bá wọn kan ìṣó náà wálẹ̀ díẹ̀ síbi tí ọwọ́ wọn tó. Wọ́n kọ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín kúkúrú tó fẹ́ràn yín.