Òpó Tí Ó Ní Kókó Òkú

Ẹ̀yìn Ibùdó Ìlagi,
Kurotaki, Yoshino,
Nara.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 2013.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Sumie,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ikọ́ tó ń yọ yín lẹ́nu nígbà tí ẹ pè mí gbẹ̀yìn ńkọ́? Mo nírètí pé ó ti rọlẹ̀. Ọkọ yín àti àwọn ìbejì ńkọ́? Shiho tiwa ti ń hu eyín. Gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó ló ń gé jẹ, títí kan etí bàbá rẹ̀. Ara èmi náà le, ọkàn mi nìkan ni kì í jókòó. Ẹ kúkú mọ̀ mí.

Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún tí ẹ kò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé tuntun wa ti ń dìde lẹ́yìn ibùdó ìlagi bàbá ọkọ mi. Mo ti sọ fún Tadayuki ọkọ mi pé n kò ní tẹ́ ọmọ mi sábẹ́ òrùlé náà àfi bí ọkàn mi bá balẹ̀ lórí òpó àárín rẹ̀. Èmi àti ẹ̀yin la jọ wà lábẹ́ àwókù nígbà tí ilẹ̀ mì ní Kobe, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Ìyá ọkọ mi ní bí omi tíì bá mì nínú ife báyìí, ìyàwó òun ti gbọ́mọ pọ̀n síta.

Òpó méjì ló wà nílẹ̀, igi hinoki, gẹdú tí a fi ń kọ́lé níbí, ni méjèèjì. Èyí tí Tadayuki fẹ́ kò ní kókó kankan lójú, irú èyí tí wọ́n ń fi sípò kìíní lọ́jà gẹdú. Ó ń dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Bàbá ọkọ mi ní èkejì, tó ní kókó, lòun fẹ́. Lánàá, bí mo ṣe súnmọ́ ọn ni mo gbọ́ ohun tó ń sọ bó ṣe ń fìka tọ́ka sí àwọn kókó náà: “Ààyè lèyí. Ààyè lèyí. Òkú lèyí.”

Mo ní òkú kankan kò ní dúró láàárín ilé tí ọmọ mi ń sùn. Tadayuki bú sẹ́rìn-ín pé orúkọ iṣẹ́ lásán ni. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìdí ẹ̀ka ni gbogbo kókó. Bí ẹ̀ka bá ṣì wà láàyè nígbà tí igi ń sanra bò ó, ara wọn á dọ̀kan. Bó bá ti kú ṣáájú, igi á bò ó náà, ṣùgbọ́n kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá tóbi, ó lè jábọ́. Ti òpó yìí kò ju èékánná lọ. Ó fi orí òpó hàn mí: òrùka tí igi ń fi kún ara rẹ̀ lọ́dọọdún fún mọ́ra bí ojú aṣọ híhun, torí àárín igi tó há ló ti rọra dàgbà.

“Ojú la fi ń mọ ẹwà igi,” Bàbá ní, “ohùn la fi ń mọ agbára ẹ̀. Gba òòlù.”

Wọ́n gbé òpó méjèèjì lé rọ́bà, wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ohùn sí ìdí wọn. Mo lu orí èyí tí kò ní kókó. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó sì tètè kú. Mo lu èkejì. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́. Ohùn náà ga, ó mọ́, ó ń lọ, ó ń lọ, bí agogo tẹ́ńpìlì tí wọ́n lù lórí òkè kejì. Igi tí wọ́n ti gé lulẹ̀, tó ti gbẹ! Mo gbọ́ ọ nínú egungun ẹ̀yìn mi. Shiho tí mo pọ̀n ń fẹsẹ̀ ta mí pé kí n tún un lù. Nọ́ńbà agbára tí ẹ̀rọ náà fún un ga ju ti òpó ẹlẹ́wà lọ dáadáa. Tadayuki ṣí fìlà, ó ní igi ti na òun. Mo dúró, mò ń wo òpó náà bí ènìyàn ṣe ń wo àgbà: ó gbá ohun tó kú mọ́ra, ó sì ń ga lọ.

Mo ní kí wọ́n gbé e wọlé. N kò ní purọ́, ẹ̀rù ṣì ń bà mí díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kó wọlé, ẹ wá sun ọjọ́ kan lọ́dọ̀ wa. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ìbejì.

Láàárọ̀ yìí, Tadayuki béèrè ojú òpó tí a ó máa sàmì gíga Shiho sí bó ṣe ń dàgbà. Ojú tí kókó òkú wà ni mo mú. Kókó náà ga dé èjìká mi. Ìyá ọkọ mi ní, “Ìwọ tí ò ń sá fún òkú láná?” Mo ní, “Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀, Màmá. Mo fẹ́ kí ọmọ mi ga kọjá ẹ̀ lójú mi.”

Tiyín ni mo jẹ́ títí,
Kanae.