Ẹsẹ̀ Mẹ́ta Lórí Bébà

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Àdúgbò Òkè-Ìlá,
                                        Adó-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 2025.

Fúàdì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé dáadáa ni o wà ní Ìkọ̀lé níbẹ̀ yẹn? Khadeejah ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti yá tán? Orúnkún Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń fi òróró tí mo fi ránṣẹ́ pa á, àbí wọ́n ti gbé e fún aládùúgbò gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn? Òjò ti dáwọ́ dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà Òkè-Ìlá sì ti gbẹ. Èmi náà wà, mò ń jẹun, mò ń ṣiṣẹ́, a dúpẹ́.

Mo mọ̀ pé wàá ti máa rẹ́rìn-ín pé inú ayé wo ni Nọ́fíù wà tó fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí nọ́ńbà rẹ wà lórí fóònù mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lóṣù yìí tí mo kàn bá ọ sọ̀rọ̀ awọ bàtà tó wọ́n, tí mo sì dágbére. Ohun tó wà nílẹ̀ kò rọrùn láti sọ sí ọ létí, torí Mùínátù àbúrò rẹ ni mo ṣẹ̀, ìwọ lo sì mú un mọ̀ mí. Jọ̀ọ́, fara balẹ̀ kà á dé ìparí kí o tó bínú.

Ó di ọdún márùn-ún báyìí tí Mùínátù kó àwọn ọmọ lọ sí Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. London ni gbogbo àdúgbò yìí ń pè é. Mo ti ṣàlàyé títí, ó ti sú mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kọ̀ láti fún mi ní físà, ìwọ náà mọ̀. Khalifa kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí wọ́n lọ, Qanitah ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́ta ni. Èmi nìkan ló ń gbé yàrá mẹ́ta láti ìgbà náà. Màmá Ọmọ́níyì tó wà ní ojúlé kejì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Nọ́fíù, ulé rẹ dákẹ́ jù.” Mo máa ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Irọ́ ni. Mo ṣì ń se ìrẹsì bí ẹni tí yóò bu oúnjẹ fún ènìyàn mẹ́rin, màá sì jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nínú oṣù keje, Mùínátù sọ fún mi pé òun ní ìsinmi lọ́jọ́ Sátidé kan tí àwọn ọmọ wà ní họlidé, pé òun ò tiẹ̀ mọ ohun tí àwọn máa fi í ṣe. Mo ní kó fi lé mi lọ́wọ́. Fúàdì, mo ṣètò ọjọ́ yẹn bí ẹni tí yóò bá wọn lọ. Ilé ńlá kan wà létí omi níbẹ̀ tí wọ́n kó ẹja sí nínú gíláàsì, ẹja tí ẹnikẹ́ni ò ní dín, wọ́n kàn ń lọ wò ó ni. Mo wá gbogbo rẹ̀ lórí fóònù. Mo mọ aago tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, mo mọ bọ́ọ̀sì tí wọ́n máa wọ̀. Mo mọ̀ pé afárá kan wà lọ́nà ibẹ̀ tó máa ń ṣí kí ọkọ̀ ojú omi lè kọjá, mo ní kí wọ́n tètè dé kí wọ́n lè rí i. Mo tiẹ̀ sọ ibi tí wọ́n máa jókòó sí jẹun. A wá fi àdéhùn sí aago mọ́kànlá, torí aago wọn àti tiwa dọ́gba lásìkò yìí: bí wọ́n bá ti dé orí afárá, wọ́n á pè mí pẹ̀lú fídíò, màá bá wọn wọlé, a ó jọ máa wo ẹja kiri. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn oníbàárà pé ṣọ́ọ̀bù ò ní ṣí lọ́jọ́ náà, pé èmi àti ìdílé mi ń jáde.

Ọ̀rọ̀ bàtà ló dà á rú. Mo rò ó pé wọ́n á rìn púpọ̀ létí omi, mo sì ní n ó ṣe bàtà fún àwọn ọmọ méjèèjì. Adéfúnkẹ́, ọmọ tíṣà tó ń gbé ní àdúgbò Adébáyọ̀, ń padà sọ́hùn-ún lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú, ó ti gbà láti bá mi gbé e. Mo ní kí àwọn ọmọ fi ẹsẹ̀ lé bébà, kí wọ́n fi bírò yí i ká, kí wọ́n gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n lè mọ ìwọ̀n, kí wọ́n wá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ọ̀gá wa ṣe kọ́ èmi àti ìwọ níṣẹ́ bàtà náà ni, fóònù nìkan ló kún un.

Qanitah ló yà á. Kò kọ orúkọ sí ìkankan. Ẹsẹ̀ ènìyàn méjì ni mo béèrè, ti ènìyàn mẹ́ta ló dé. Mo yà wọ́n sórí páálí bí rúlà ṣe wí. Èyí tó kéré jù, ti Qanitah ni, kò ní àríyànjiyàn. Ìkejì gba bàtà nọ́ńbà ogójì, mo ní Khalifa mà ti ń dàgbà, inú mi sì dùn. Ìkẹta, Fúàdì, bàtà nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì ni. Ẹsẹ̀ ọkùnrin. Mo wò ó títí, mo wá bi ara mi pé ọkùnrin wo ló bọ́ bàtà nílé ìyàwó mi, tó fara balẹ̀ débi pé ọmọ mi ń fi bírò yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká.

Ó yẹ kí n béèrè. Ìwọ ì bá béèrè. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí láti kékeré, bí inú bá bí mi, ẹnu mi a dì. Ká ní ẹnì kan wà nínú ilé yìí tí mo lè fi fọ́tò náà hàn, bóyá ì bá ti sọ fún mi pé orí mi ti dàrú. Kò sí ẹnikẹ́ni. Èmi àti páálí ni a jọ ń wo ara wa. Mo ń rántí gbogbo ìgbà tí Mùínátù ní ó rẹ òun, pé ká sọ̀rọ̀ lọ́la. Mi ò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Adéfúnkẹ́ wá gba bàtà, mo ní mi ò ráyè ṣe é, ó sì lọ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, mo kọ̀wé sí àbúrò rẹ lórí Wásáàpù pé kí ẹni tó ni ẹsẹ̀ ńlá yẹn mú wọn lọ wo ẹja. Mo wá pa fóònù. Lọ́jọ́ Sátidé, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù mi, mo jókòó, mo ń kan àtẹ̀lẹ̀ bàtà. Oníbàárà kan bi mí pé ṣebí mo ní èmi àti ìdílé mi ń jáde. Mo ní a ti sún un síwájú.

Ọjọ́ Àìkú ni mo tó tan fóònù. Mo bá ohùn kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti orí nọ́ńbà Mùínátù. Ohùn ọkùnrin ni. Ó ní, “Ẹ káàsán, sà. Khalifa ni. Mo ka ohun tí ẹ kọ sí Mọ́mì. Ẹsẹ̀ mi ni, Dádì. Èyí tí ẹ rò pé ó jẹ́ tèmi, ti Mọ́mì ni. Wọ́n ní tí ẹ bá ń ṣe tiwa, kí ẹ ṣe tiwọn náà. Síbẹ̀, a lọ dúró lórí afárá, à ń pè yín. Qanitah ní òun ò ní wọlé àfi tí ẹ bá gbé ìpè wa. Òjò wá bẹ̀rẹ̀, a sì padà sílé.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tiẹ̀ bínú, ó kàn jẹ́ iṣẹ́ náà bí ọmọ tí wọ́n rán.

Mo gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá. Mi ò mọ̀ pé ohùn ọmọ mi ti yí padà. Bí èmi àti ìyá rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀, ó kàn máa ń yọjú lẹ́yìn rẹ̀, á juwọ́ sí mi, á lọ. Orí nìkan ni mo ń rí. Mo fa páálí ẹsẹ̀ ńlá náà yọ lẹ́yìn máṣíìnì tí mo jù ú sí, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo bọ́ bàtà mi, mo sì gbé ẹsẹ̀ lé e. Ó bá mi mu gẹ́lẹ́, títí kan ọmọ ìka kejì tó gùn ju àtàǹpàkò lọ.

Ti Mùínátù ló tún wá dùn mí jù. Méjìdínlógójì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe bàtà fún un. Ìwọ lo mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wa lọ́jọ́ náà. Ìdúró ló sọ ọ́ di ogójì. Wákàtí méjìlá ló ń wà lórí ìdúró nílé ìwòsàn lọ́jọ́ iṣẹ́. Ó sọ fún mi rí pé ẹsẹ̀ òun ń wú, mo ní kó máa tì í bọ omi gbígbóná, mo sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹsẹ̀ tí mo ti mọ̀ ju tara mi lọ ni mo wò, tí mi ò dá mọ̀.

Ọjọ́ kọkàndínlógún rèé láti ọjọ́ Sátidé yẹn. Mo ti tọrọ àforíjì títí lórí Wásáàpù, ó ń kà á, kò fèsì. Qanitah nìkan ló fi àwòrán ẹja kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà ránṣẹ́, torí kò rí ẹja gidi wò. Mi ò ní kí o dá mi láre, bá mi bẹ̀ ẹ́ ni. Má sọ fún un pé ìfẹ́ ló mú mi jowú. Ìdánìkanwà ló sọ mí di òmùgọ̀, mo sì fi ìyà rẹ̀ jẹ àwọn tó ń dúró dè mí. Sọ fún un pé kí wọ́n tún lọ kí họlidé tó parí, kódà bí wọn ò bá ní pè mí. Kí àwọn ọmọ ṣáà rí ẹja náà. Bá mi kí Khadeejah, kí o sì bá mi kí Màmá, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí àyàfi bí àbúrò rẹ bá ti sọ fún wọn.

Mo ti ṣe bàtà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán. Oníbàárà mi kan, Ọláoyè, yóò bá mi gbé e lọ fún wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Awọ ti Khalifa ṣì le díẹ̀, ó lè bó o lẹ́sẹ̀. Nítorí náà mo ń wọ̀ ọ́ nínú ilé láràárọ̀, mo ń fi í rìn láti yàrá dé yàrá kó lè rọ̀. Ó máa ń dún lórí sìmẹ́ńtì, ìgbà mìíràn màá dúró kí n lè gbọ́ bóyá ẹlòmíràn ló ń rìn.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ àti àna rẹ,
Nọ́fíù.