Ẹni Tó Wà Lábẹ́ Ẹ̀wà Wa

Ọmọ mi àgbà,

Kòkòrò òdòdó ni kòkòrò kan tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, tó máa ń sá pamọ́ sínú òdòdó ẹ̀wà, tí á máa mu omi ara rẹ̀ títí òdòdó náà á fi rọ, tí á sì já bọ́ kó tó di èso. Má bínú pé mo fi kòkòrò ṣáájú ìkíni, tí mi ò bá kọ́kọ́ là á sílẹ̀, ìyókù ọ̀rọ̀ mi ò ní yé ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Onílé rẹ ò ní lé ọ jáde, ẹsẹ̀ rẹ ò sì ní kọ lójú títì. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ò tíì gbà kó dìde, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ṣì le dáadáa.

Àwọn àlejò kan dé sóko wa lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Obìnrin kan wà lára wọn tá à ń pè ní Dókítà Kòkòrò. Mo kọ́kọ́ rò pé kòkòrò tí ara wọn ò yá ló ń tọ́jú, mo tiẹ̀ bá a kẹ́dùn pé àwọn aláìsàn rẹ̀ pọ̀ jù. Awakọ̀ wọn, tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ṣe ni dókítà fẹ́ mọ iye kòkòrò òdòdó tó wà lóko kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè fún oko tí wọ́n bá pọ̀ sí jù lóògùn. Obìnrin náà wá so àwọn páálí búlúù mọ́ igi láàárín ẹ̀wà. Wọ́n ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ bí oje igi.

Ọmọ mi, o mọ̀ mí. Ṣé mo lè jẹ́ kí nǹkan àlejò dọ̀tí lọ́wọ́ mi? Tí kòkòrò bá ti bò wọ́n, màá fi epo òyìnbó yọ gbogbo oje yẹn kúrò, màá fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n títí wọ́n á fi máa dán, màá sì tún so wọ́n padà. Nígbà tí dókítà dé, ó wo páálí, ó ní òun ò tíì rí oko tó mọ́ tó báyìí. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ni wọ́n bá gbé oògùn lọ sóko àwọn aládùúgbò. Kò pẹ́ tí òdòdó ẹ̀wà wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ bí eérú. Dókítà ti lọ kí awakọ̀ tó là mí lójú pé àwọn òkú kòkòrò ara páálí yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ kà.

Tó bá jẹ́ ẹ̀wà nìkan ni, mi ò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ebi kì í ṣe àlejò nílé wa. Àmọ́ àwọn awalẹ̀pìtàn bá wọn wá, àwọn tó ń wa ilẹ̀ láti mọ bí àwọn èèyàn àtijọ́ ṣe gbé. Wọ́n ní ìlú ńlá kan ti wà lábẹ́ oko wa rí, pé ògiri rẹ̀ ni òkìtì gbọọrọ tó o máa ń sáré gùn yẹn. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń tì kiri bí kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́, tó ń rí ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Mo ṣe bí fóònù ni. Nígbà tó dé ibi tí àbúrò rẹ wà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo pariwo sí i pé ìyá rẹ̀ ló ń pè é, ṣé ibẹ̀ ò tutù jù. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Bàbá rẹ ní bóyá owó orí fóònù ló tán.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n gbẹ́ ihò kékeré sí. Wọ́n rí ẹnu ìkòkò, wọ́n rí egungun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni wọ́n bá ń dì mọ́ra wọn. Ìwọ náà mọ ìkòkò yẹn. Bàbá rẹ ló fi ọkọ́ hú u jáde, àbúrò rẹ sọ ọ́ di ohun ìṣeré, ìwọ lo sì gbé e sí ibi orí rẹ̀ lọ́jọ́ tá a sin ín, o ní kó má bàa dá wà. Ìkòkò ayé àtijọ́ ni lóòótọ́. Ọmọ tó sùn tì í ni kì í ṣe ará àtijọ́.

Mo sọ fún ọ̀gá wọn pé ọmọ mi ni. Awakọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá fọwọ́ lé àyà, ó ní ó wu òun gan-an bí àwa ará ibí ṣe ń pe àwọn ará ìgbà láéláé ní ọmọ wa. Mo tún un sọ, mo ń sunkún. Ó yà mí ní fọ́tò. Awakọ̀ ní òun ti ṣe tòun, òun ò lè bá ẹni tó ń fún òun níṣẹ́ jiyàn.

Wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ pé, yàtọ̀ sí ihò kékeré tí wọ́n fi ń dán ilẹ̀ wò, àwọn kì í wa ilẹ̀ tí irúgbìn bá ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ̀wà yẹn ló ń bá mi dáàbò bo àbúrò rẹ. Ní báyìí tí ẹ̀wà ti bà jẹ́ tán, wọ́n ti na okùn yí ibẹ̀ ká, wọ́n ti to àpótí sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní wọ́n á gbé e lọ síbi tí wọ́n ń kó irú wọn sí, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà sí i lára. Ọmọ tó lórúkọ.

Tí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó sìmẹ́ǹtì ránṣẹ́ kí a fi sàmì sí ojú ibẹ̀. Oúnjẹ tiwa lè dúró. Ọ̀nà rẹ á là. O ò ní fọwọ́ ara rẹ sin ọmọ. Àwọn ọmọ rẹ ni yóò sin ọ́, kò sì sí àjèjì tí yóò bi wọ́n pé ta lo jẹ́.

Awakọ̀ ló ń bá mi mú lẹ́tà yìí bọ̀. Ọ̀gá náà ti wá sí ìlú yín, nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé. Ìwọ gbọ́ èdè rẹ̀. Pè é kó tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó o sì sọ fún un pé kó tó fọwọ́ kan egungun kankan, kó kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò. Bàtà rọ́bà àbúrò rẹ wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì, èmi ni mo kó o sí i.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.