Ìrìn Bọ̀dá Buraimoh

Màmá mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Èmi le bí irin! Kòrónà ti sé gbogbo Libreville níbí mọ́lé. Eṣinṣin pàápàá ń wá ìwé àṣẹ kó tó fò. Oògùn HIV mi tán, ọjọ́ mẹ́rin péré ni mi ò fi rí i lò. Mo kàn ń sùn ṣáá ni.

Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n sọ pé mo ní HIV fún Bọ̀dá Buraimoh, ọ̀gá mi tí wọ́n ń ta ìrẹsì. Àfi bí wọ́n ṣe rí ike oògùn tó ṣófo, tí wọ́n fi ìwé àṣẹ tí ìjọba fún àwọn tó ń ta oúnjẹ rin ìrìn tó lè pa ràkúnmí lọ sí ilé ìwòsàn, tí wọ́n gba òmíràn wá!

Mo ní, "Ẹ ti mọ̀ ni?"

"Láti ọdún méjì, ọmọ ìpátá. Ṣé a ò jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà?"

Màmá, ẹnu mi ò tíì padé. Ẹ bá mi kí àbúrò mi Zulaikha; ẹ ní kó má wọ bàtà mi o.

Ashraf yín